Ẹ Gbé Àtùpà Wá

Ẹ sún mọ́ mi níbí, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, kí ẹ sì yọ nǹkan tí ẹ kì bọ etí yẹn kúrò fún ìgbà díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ orin ni mo fẹ́ bá yín sọ, orin tí odindi ilé jọ ń gbọ́ láti ẹnu ẹ̀rọ kan ṣoṣo, tí ẹni tó wà ní ìdí ààrò ń gbè é, tí ẹni tó wà lẹ́yìnkùlé ń mi orí sí i.

Ṣé ẹ mọ̀ pé bí sídíì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu kọ̀ǹpútà tó kọ orin sí i, ó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́? Bí ẹyin tí adìyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀ ló ṣe máa ń rí lọ́wọ́. Mo lè rántí ìwọ̀n ooru yẹn títí di òní. Mo máa ń ki ìka kan bọ ihò àárín rẹ̀, màá fi àtàǹpàkò gbá a mú létí, nítorí wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má fọwọ́ kan inú rẹ̀, màá wá gbé e síwájú iná kí n lè rí àwọ̀ rẹ̀: òmíràn á pọ́n bí góòlù, òmíràn á dà bí ewé, òmíràn á dúdú bí ẹ̀tù. Bọ́ọ̀nù ni a ń pe iṣẹ́ náà, ẹnikẹ́ni kò sì pè é lórúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, torí aró ni wọ́n fi kun inú sídíì òfìfo, ìmọ́lẹ̀ tó mú bí abẹ́rẹ́ ló sì ń jó àmì orin sínú aró náà. Ẹ̀yin tí ìyá yín àgbà rẹ aṣọ àdìrẹ, ẹ fi ọ̀rọ̀ aró yẹn sọ́kàn. A máa padà débẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó ní 1981, sí pálọ̀ ìyá mi, níbi tí ṣéńjà bàbá mi, ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀, wà lórí àpótí onígi tí ìyá mi máa ń fi òróró nù ní gbogbo ọjọ́ Sátidé títí tí ojú ẹni fi ń hàn nínú rẹ̀. Ìlú Haruna Iṣọ̀lá, olórin àpàlà tí a ń pè ní Bàbá Gàní Àgbà, ni ìlú wa. Bàbá Gàní Àgbà ṣì wà láyé nígbà náà, ó di 1983 kó tó papò dà. Ilé-iṣẹ́ Phonodisk tó dá sílẹ̀ ní 1979 wà láàrin ìlú, tó fi jẹ́ pé nígbà tí àwọn ará ibòmíràn ń ra rẹ́kọ́ọ̀dù lọ́jà, àwa ń kí àwọn tó ń ṣe é lójú ọ̀nà, à ń béèrè ọmọ lọ́wọ́ wọn. Ẹ ò rí Bàbá Gàní kó jókòó kọrin. Ìjókòó ló fi ń kọrin, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí àgbà ilé tó ń parí ìjà, tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń tẹ̀ lé e, tí agídìgbo ń sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀. Àwọn baba wa ní òwe bí òwe là ń lu agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní ń jó o, ọ̀mọ̀ràn ní ń mọ̀ ọ́n. Ìyá mi kì í jó o. Ó kàn máa ń dá ọwọ́ dúró lórí ẹ̀fọ́ tó ń já, á gbọ́ gbólóhùn kan tán, á ní "Hẹn-ẹn," á sì bẹ̀rẹ̀ sí í já ẹ̀fọ́ rẹ̀ padà.

Mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn nígbà náà, ọkàn mi sì máa ń fà sí ilé, ni mo bá ra tépù kékeré kan tó ń lo bátìrì ńlá mẹ́rin, mo gbé e lọ sílé lọ́jọ́ Sátidé kan, mo gbé e ka iwájú sípíkà ṣéńjà, mo fi kásẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́jú 90 sí i, mo tẹ bọ́tìnì méjèèjì pọ̀, mo sì bẹ gbogbo ilé pé kí wọ́n dákẹ́. Ta ní í bẹ ilé dákẹ́? Àkùkọ kọ sí i. Ẹnìkan gún iyán sí i. Ẹnìkan kí ìyá mi kú ọjà, ìyá mi sì jẹ́ ẹ. Gbogbo rẹ̀ wọ inú kásẹ́ẹ̀tì náà lọ pẹ̀lú àpàlà, ó sì bá àpàlà mu. Ilẹ̀ ti ṣú dáadáa, ẹ̀gbẹ́ kejì kásẹ́ẹ̀tì ti ń lọ sópin, nígbà tí iná NEPA lọ lójijì, ohùn Bàbá Gàní bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, ó ń relẹ̀, ó ń relẹ̀, bí ẹni tí oorun ń gbé lọ lórí ẹní, títí tí abẹ́rẹ́ fi dúró jẹ́ẹ́ lórí rẹ́kọ́ọ̀dù. Àwọn ọmọdé pariwo pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n bátìrì ni tépù tèmi ń lò, òun kò mọ̀ pé iná lọ, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ nínú òkùnkùn, ó sì gbọ́ ohùn ìyá mi láti ìdí ààrò, ohùn tí kò sáré, tí kò bínú: "Ẹ gbé àtùpà wá."

Ogún ọdún ó lé ni kásẹ́ẹ̀tì yẹn fi bá mi gbé nínú ọkọ̀. Mo fi bírò wé e nígbà tí kò ṣeé kà mọ́. Rédíò ọkọ̀ fà á jáde lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni fa ìfun ẹran, mo fi sùúrù tò ó padà, mo gé ibi tó rún, mo lẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ohùn inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ohùn arúgbó, mo sì mọ̀ pé ó ń lọ. Ní 2004 ni mo wá ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan tí kò tilẹ̀ ní ẹnu kásẹ́ẹ̀tì rárá, ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé sídíì mì nìkan ló ní. Ọ̀rọ̀ di pé kí a kó Bàbá Gàní, àkùkọ, iyán àti ìyá mi jáde nínú kásẹ́ẹ̀tì, kí a kó wọn sínú sídíì, kí àkókò tó lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn nígbà náà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹ́ńjíníà, ọmọ ogún ọdún tàbí díẹ̀ lé. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀ ju ibùsùn lọ: kọ̀ǹpútà méjì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, jẹnẹrétọ̀ lẹ́nu ọ̀nà tó ń bú ramúramù, bẹ́ǹṣì kan tí a jọ máa ń jókòó lé, èmi, olùkọ́ kan tó fẹ́ tẹ ìdánwò, ìyá kan tó fẹ́ orin ìjọ rẹ̀, ọmọ mẹ́káníìkì kan tó kàn wá gbafẹ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè, ẹ̀yin ọmọ mi, torí náà mo jókòó tì í bí akẹ́kọ̀ọ́. Ó fi wáyà kan so tépù mọ́ ihò aláwọ̀ búlúù lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Kò sí ìkánjú níbẹ̀ o. Kásẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́jú 90, ìṣẹ́jú 90 gan-an ni a fi ń gbà á sílẹ̀. Bí orin bá ṣe gùn tó ni ẹ ó ṣe jókòó pẹ́ tó, gbogbo bẹ́ǹṣì sì jọ gbọ́ ọ. Nígbà tó dé ibi tí iná ti lọ, olùkọ́ yẹn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá ta nìyẹn?" Mo ní tèmi ni.

Níbẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Sídíì kì í gbà ju orin ìṣẹ́jú 80 lọ bí a bá kọ ọ́ bí àwọn tó dá sídíì sílẹ̀ ṣe ní kí a máa kọ orin sí i. Tèmi sì jẹ́ 90. Ẹ́ńjíníà ní, "Dádì, ẹ má ṣèyọnu, MP3 ni màá fi ṣe é, gbogbo ẹ̀ á wọ̀ ọ́, àyè á ṣì kù fún orin wákàtí mẹ́wàá." Mo san owó, mo gba ọ̀nà Ìdí-Ayùnrẹ́ lọ sílé lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé ìyá mi jókòó sí iwájú ọkọ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ kí àwọn ará ilé lè gbọ́, mo ki sídíì bọ̀ ọ́. Rédíò gbé e mì, ó yí i ṣìrìrì, ó dákẹ́, ó tún yí i, ó kọ lẹ́tà pupa sójú, ó sì pọ̀ ọ́ jáde. Mo nù ún, mo fi padà. Ó tún pọ̀ ọ́. Ìyá mi wo sídíì náà, ó wò mí, ó ní, "Jẹ́ kó sinmi, ọmọ mi. Ó lè jẹ́ pé ó rẹ̀ ẹ́ lọ́nà."

Ohun tó fà á, tí mo wá mọ̀ lọ́sẹ̀ kejì, rèé o, kí ẹ mọ̀ ọ́n. Orin MP3, orin tí a ti ká ni, bí ìgbà tí a bá ká agbádá mẹ́wàá wẹ́wẹ́ sínú àpótí kan, kọ̀ǹpútà mọ bí a ṣe ń tú u kó tó wọ̀ ọ́. Àmọ́ rédíò ọkọ̀ ìgbà náà, àfi èyí tí wọ́n bá kọ MP3 sí lójú, kò mọ ìtúká kankan, agbádá tí a ti nà sílẹ̀ fún un nìkan ló mọ̀ ọ́n wọ̀. Kò bàjẹ́. Èdè tí a fi bá a sọ̀rọ̀ ni kò gbọ́.

A bá padà sí ìṣẹ́jú 80, èyí tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbọ́dọ̀ kúrò. Ẹ́ńjíníà ti gbé ọwọ́ lé ìparí rẹ̀, ibi tí orin ti rọ̀ tí òkùnkùn ti bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Dádì, ibí yìí ti bàjẹ́, ẹ jẹ́ kí n gé e." Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní kó gé e níwájú, kó mú orin àkọ́kọ́ kúrò, kó fi ìparí sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó wò mí, kò béèrè nǹkan kan, ó ṣe bí mo ṣe wí. Ọmọ tí a kọ́ nílé ni.

Sídíì kejì, irú èyí tí a lè pa rẹ́ kí a tún un kọ ló lò, kó má bàa fi owó mi ṣòfò. Rédíò kò tilẹ̀ gbà pé nǹkan kan wà nínú òun, nítorí irú sídíì yẹn kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà tó bó ṣe yẹ, ojú rédíò àtijọ́ kò sì ríran rí i. Ẹ̀kẹta, sídíì gidi ni, orin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán, ó ku kí kọ̀ǹpútà pa á dé, epo jẹnẹrétọ̀ tán. Sídíì tí a kò bá pa dé, igbá àìbò ni, kọ̀ǹpútà tó kọ ọ́ nìkan ló lè yọjú wo inú rẹ̀, rédíò mìíràn kì í rí i kà. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí iná ń lọ mọ́ àpàlà yẹn lára.

Ẹ̀kẹrin ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Ẹ̀kẹrin kọrin, ṣùgbọ́n ó ń fò. Á kọ ìlà kan, á fo méjì, á ta gìrì, tó bá wọ kòtò ọ̀nà á dákẹ́ pátápátá. Ẹ́ńjíníà gbọ́, ó gbá orí mú, ó ní eré ni òun sá. Ìlọ́po 52 ni òun fi bọ́ọ̀nù rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ló gbà, àmì inú aró kò sì jinlẹ̀ dáadáa. Ó wá dín eré kù sí ìlọ́po mẹ́jọ, a sì jókòó, ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí nǹkan mìíràn lórí rẹ̀, ọmọ mẹ́káníìkì yẹn tilẹ̀ jáde lọ dúró ti jẹnẹrétọ̀ kó má bàa kọsẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nígbà tó jáde, ó gbóná lọ́wọ́ mi, gbogbo bẹ́ǹṣì sì dìde láti wò ó.

Mo fẹ́ lẹ bébà mọ́ ọn, kí n fi fọ́tò ìyá mi sí i, Ẹ́ńjíníà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bébà máa ń mú sídíì wúwo lápá kan, tí oòrùn bá sì pa ọkọ̀ á bó, á há sí rédíò lọ́fun. Ó fi bírò olómi rírọ̀ kọ "ÌYÁ" sí ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà, ó ní kí n má fi bírò ẹlẹ́nu ṣóńṣó họ ọ́ láé, torí ẹ̀yìn yẹn tí a rò pé kò ṣe nǹkan kan ni orin sún mọ́ jù, ọ̀dà fẹ́ẹ́rẹ́ kan ló bò ó. Ó kọ́ mi pé tí mo bá ń nù ún, kí n nù ún láti àárín lọ sí etí, kí n má nù ún yípo. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi fún ti ọjọ́ náà.

Nígbà tí mo dé ilé, ìyá mi ti jókòó sí iwájú ọkọ̀ kí n tó pè é. Rédíò gbé e mì, ó yí i, ó dákẹ́ díẹ̀ tí ọkàn mi fi fò, àpàlà sì bẹ̀rẹ̀. A kò sọ nǹkan kan. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọ ọkọ̀, ó tàn sí orí gèlè rẹ̀, eruku ń fò nínú ìmọ́lẹ̀ náà, ọmọdé méjì jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn tí wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Àkùkọ 1981 kọ, àkùkọ inú ilé dá a lóhùn. Ó di ìgbà tí iná lọ, tí ohùn wúwo tó relẹ̀ tó kú, ìyá mi sì gbọ́ obìnrin kan tó ní kí wọ́n gbé àtùpà wá. Ó yíjú sí mi. "Ta nìyẹn?" Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin ni." Ó gbọ́wọ́ lé ẹnu. Ó ní, "Ohùn mi kéré báyẹn?" Ó ní kí n dá a padà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo dá a padà.

Ìyá mi sùn ní 2009. Ẹ́ńjíníà ti lọ sókè òkun kó tó di ìgbà náà, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti di ẹrù ẹlòmíràn, ṣọ́ọ̀bù yẹn ti di ibi tí wọ́n ti ń ta káàdì fóònù. Èbu bo kásẹ́ẹ̀tì. Oòrùn ti ká rẹ́kọ́ọ̀dù bí ewé. Mo sì ń wò yín nísinsìnyí, orin ayé gbogbo wà nínú àpò yín, ẹ fọwọ́ kàn án ó ń dún, kò sí èyí tó ń kọ̀, kò sí èyí tí ẹ ní láti gbé lọ sí Mọ́kọ́lá lẹ́ẹ̀mẹrin. Mẹ́rin nínú yín jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ bàbá yín, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gbọ́ orin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń pa èkejì lẹ́rìn-ín. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mi ò bá yín jà. Ọkọ̀ tuntun bàbá yín kò lẹ́nu sídíì, mo ti wò ó yí ká, kò ní, ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n àárò bẹ́ǹṣì yẹn ń sọ mí. Olùkọ́ tó rẹ́rìn-ín, ọmọ mẹ́káníìkì tó dúró ti jẹnẹrétọ̀ fún orin ìyá onínǹkan, a kò mọ orúkọ ara wa, a sì jọ wá àrùn sídíì kan láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ bí ẹbí tó gbé ọmọ lọ́wọ́ lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ rántí aró tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Aró máa ń ṣá. Ìyá yín àgbà kì í sá àdìrẹ sójú oòrùn, ó mọ ìdí rẹ̀; èmi sì fi sídíì tèmi sínú ọkọ̀ fún ọdún púpọ̀, lábẹ́ gíláàsì, nínú ooru tó ń yọ́ ike. Àárín ni sídíì ti ń bẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀, etí ló ń parí sí. Etí yìí kan náà ni ọwọ́ ń gbá mú, òun ni ìka ń bà, òun ló kọ́kọ́ ń kú. Ìparí kásẹ́ẹ̀tì ni ìyá mi sì wà, níbi tí mo ti di ọwọ́ Ẹ́ńjíníà mú.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú yín gbé ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ka sídíì wá, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì fi sùúrù kó ohun tó kù sínú fóònù fún mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ á rò ó. Ohun tó pọ̀ ló kó: gbogbo Bàbá Gàní, àkùkọ, iyán, ìkíni ẹni tó kí ìyá mi kú ọjà. Ó tún kó ìgbà tí iná lọ, tí ohùn relẹ̀, àti ariwo àwọn ọmọdé. Lẹ́yìn náà ni ìyá mi ní "Ẹ gbé à—", kò sì sí nǹkan kan mọ́.

Ọkọ̀ tòkunbọ̀ yẹn ṣì wà lẹ́yìnkùlé, orí búlọ́ọ̀kù ló wà. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé mo máa ń so bátìrì rẹ̀, mo máa ń jókòó, mo máa ń ki sídíì bọ̀ ọ́. Ó máa ń yí i pẹ́ báyìí kó tó gbà. Tó bá dé ibẹ̀ tó dákẹ́, èmi ni mo máa ń parí rẹ̀ fún un, ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí n tó pa rédíò.